Géètì Onípákó fún Ọgbà: Bí Ẹ Ṣe Máa Kàn Án Tí Omi Òjò Kò Ní Rí Ibi Jókòó Lára Rẹ̀

Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ní ọgbà ẹ̀yìnkùlé máa ń béèrè: igi tó le ni mo rà, káfíńtà tó mọṣẹ́ ni mo gbé e fún, kí ló wá dé tí ìsàlẹ̀ géètì mi fi ti jẹrà? Ẹ̀bi náà kì í sábà jẹ́ ti igi. Igi líle máa ń jẹrà láàárín ọdún díẹ̀ bí omi bá ń jókòó lára rẹ̀. Igi tí kò le tó bẹ́ẹ̀ sì máa ń pẹ́ bí omi bá ń ṣàn kúrò lára rẹ̀ kíákíá, tí afẹ́fẹ́ sì ń ráyè gbẹ ẹ́. Nítorí náà, níbi gbogbo tí ẹ bá ti fẹ́ gé igi tàbí kan igi mọ́ra nínú iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: bí omi bá kán síbí, ibo ni yóò gbà lọ?

Géètì tí a fẹ́ kàn fẹ̀ tó íǹṣì 36, ó sì ga díẹ̀ ju fíìtì mẹ́rin lọ. Wílíbárò máa gba ibẹ̀ kọjá, ewúrẹ́ àti àgùntàn kò sì ní lè wọlé jẹ ẹ̀fọ́ yín.

## Ibi tí omi máa ń fara pamọ́ sí

Kí ẹ tó mú ayùn, ẹ mọ àwọn ibi wọ̀nyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹnu igi. Ojú ibi tí ayùn ti gé igi lábùú là ń wí. Àwọn ihò tóóró tí igi fi ń fa omi láti gbòǹgbò nígbà tó wà lóòró, gígùn igi ni wọ́n tọ̀, ibi tí a bá sì ti gé e ni ẹnu wọn ti là sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹnu igi fi ń mu omi ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀. Géètì tí wọ́n kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa tí wọn kò kan ẹnu igi rẹ̀, iṣẹ́ ìdajì ni.

Orí igi ìbú. Igi ìbú ni èyí tó dùbúlẹ̀, tí a kan pákó òòró mọ́. Bí orí rẹ̀ bá tẹ́jú, omi tó ń ṣàn bọ̀ lára pákó yóò dúró lé e, yóò sì máa wọ àárín òun àti pákó.

Ibi tí igi méjì ti lẹ̀ mọ́ra. Omi máa ń yára wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn kò débẹ̀ láti gbẹ ẹ́.

Ẹsẹ̀ igi àtìlẹ́yìn. Igi tó dá gẹ̀rẹ́ lẹ́yìn géètì máa ń kó omi lójú ọ̀nà, a sì dà á sí ìdí ara rẹ̀. Bí ẹ bá wo géètì tó ti jẹrà, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé igun yìí gan-an ló kọ́kọ́ lọ.

Ìdí òpó, níbi tó ti bọ́ sínú ilẹ̀ tàbí kọnkéré, àti ihò orí sìkúrù tí wọ́n wọ̀ rì jù.

Ojú ọjọ́ tiwa tún ń dá kún un. Láti Ìlọrin dé Ọ̀fà, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán, òjò máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ á dé, á fa gbogbo omi inú igi jáde. Igi á wú nígbà òjò, á sún kì nígbà ọyẹ́, á sì là wẹ́wẹ́. Inú ojú ibi tó là yẹn ni òjò ọdún tó ń bọ̀ máa gbà wọlé. Géètì tí wọ́n kàn pinpin nínú ọyẹ́ kò ní ṣeé ṣí mọ́ bó bá di oṣù keje.

## Igi tí ẹ máa rà

Tíìkì àti ìrókò ni a máa kọ́kọ́ dárúkọ: wọ́n ń fara da omi, ikán kì í tètè rí wọn jẹ, wọ́n sì wà ní ìsọ̀ pákó. Apá náà dára gan-an, bẹ́ẹ̀ ni ayìn, àmọ́ ayìn le débi pé ìṣó máa ń ká lára rẹ̀, ó sì wúwo. Ẹ fi í ṣe òpó, kì í ṣe pákó. Ọ̀gànwó ṣeé lò bí ẹ kò bá fi ọ̀dà rẹ̀ ṣeré. Ìdígbò náà ń pẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan kíkan kan wà lára rẹ̀ tó ń jẹ irin, tó sì ń mú kí àbàwọ́n dúdú yọ yí orí ìṣó ká nígbà tó bá rẹ òjò. Ìṣó lásán kò bá a mu rárá.

Ẹ má fi arère tàbí afàrà ṣe géètì ìta. Wọ́n fúyẹ́, owó wọn sì rọjú, àmọ́ inú ilé ni wọ́n wúlò sí.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ra pákó kì í wò: ara funfun igi. Apá ìta igi tó funfun, tó sún mọ́ èèpo, máa ń jẹrà bó tilẹ̀ jẹ́ ìrókò tàbí tíìkì ni. Tíìkì tí kò tíì dàgbà, ara funfun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ yí pákó kọ̀ọ̀kan síwá sẹ́yìn kí ẹ tó sanwó. Èyí tí ara funfun rẹ̀ bá ju ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan lọ, ẹ dá a padà.

## Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Pákó 1×4 (íǹṣì 1 ni nínípọn rẹ̀, íǹṣì 4 ni ìbú rẹ̀; bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe ka 2×4 àti 2×6), gígùn fíìtì 12: mẹ́rin. Mẹ́ta ló máa tó, ẹ̀kẹrin jẹ́ fún èyí tó bá là.
- Igi 2×4, gígùn fíìtì 12: ẹyọ kan.
- Igi 2×6: fíìtì 3 péré. Ẹ béèrè àjákù, wọ́n sábà máa ń ní.
- Òpó méjì (ẹ wo ìgbésẹ̀ karùn-ún kí ẹ tó rà á).
- Ínjì alápá gígùn, íǹṣì 12 sí 14: méjì.
- Bóòtù mílímítà 8, gígùn íǹṣì 3½, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì àti wáṣà: mẹ́rin fún géètì. Ti òpó yàtọ̀, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó rà á.
- Sìkúrù íǹṣì 2: ọgọ́ta. Sìkúrù íǹṣì 2½: mẹ́rin. Gàlìfánáìsì ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́.
- Ọ̀dà igi tó ń lé ikán àti ìjẹrà, àti ọ̀dà olóòróró tí ẹ máa fi bò ó.
- Sìmẹ́ńtì àpò kan, yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́.

Ìkìlọ̀ lórí sìkúrù: ẹ ṣọ́ra fún sìkúrù dúdú tí àwọn tó ń ṣe sílìn POP ń lò. Òun ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì dínwó jù, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó bò ó lọ́wọ́ òjò. Á dípẹtà, á sì já láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

## Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ jẹ́ kí igi gbẹ

Igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sọ́ọ̀mìlì dé kò tíì gbẹ, pàápàá nígbà òjò. Ẹ má kàn án bẹ́ẹ̀.

1. Ẹ to bíríkì sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kì í ṣe inú yàrá tí a tì pa, kì í sì í ṣe inú oòrùn.
2. Ẹ to pákó lé e. Láàárín ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ fi igi pẹlẹbẹ tó nípọn tó íǹṣì kan sí i ní gbogbo fíìtì méjì-méjì, kí wọn má bàa fara kanra.
3. Ẹ gbé ohun tó wúwo lé orí rẹ̀ kí pákó má bàa lọ́.
4. Ẹ fún pákó 1×4 ní oṣù kan ó kéré tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, méjì nígbà òjò. Igi 2×4 àti 2×6 nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá lè yan àkókò, ẹ ra igi ní oṣù kọkànlá, kí ẹ kàn án ní oṣù kìíní tàbí ìkejì. Ọ̀dà á gbẹ dáadáa, géètì á sì ti dúró kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀.

## Ìgbésẹ̀ kejì: gígé igi

Ibí ni iṣẹ́ wà. Bí ẹ bá ṣe é dáadáa níbí, ìyókù rọrùn.

Pákó òòró. Ẹ gé mẹ́sàn-án, íǹṣì 46 lọ́kọ̀ọ̀kan. Pákó fíìtì 12 kan máa fún yín ní mẹ́ta. Orí rẹ̀ ni kí ẹ gé gbọọrọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ gé e dagẹ̀rẹ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 30°, kí etí iwájú gùn ju etí ẹ̀yìn lọ. Omi tó bá ṣàn dé ìsàlẹ̀ á kóra jọ sí etí tó mú yẹn, á sì kán bọ́ sílẹ̀ dípò kó máa rìn káàkiri ẹnu igi.

Igi ìbú. Láti inú 2×4, ẹ gé méjì, íǹṣì 36 lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kù nínú 2×4 náà ni igi àtìlẹ́yìn, ẹ má tíì gé e.

Ẹ mú igi ìbú ìsàlẹ̀, kí ẹ fi ìfági fá orí rẹ̀ dagẹ̀rẹ́: ibi tó máa kan pákó ni kó ga, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó rẹlẹ̀ pẹ̀lú ìdajì íǹṣì. Igi ìbú òkè kò nílò èyí, torí igi ìbòrí máa bò ó.

Igi ìbòrí. Òun ni fìlà géètì. Láti inú 2×6, ẹ là á kó fẹ̀ ní íǹṣì 4½, kó sì gùn ní íǹṣì 36. Ìbú yìí máa bo pákó àti igi ìbú òkè pa pọ̀, á sì yọ síta ní nǹkan bí íǹṣì ¾ níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ fá orí rẹ̀ dagẹ̀rẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn nípọn tó íǹṣì 1¾, kí ẹ̀gbẹ́ iwájú sì jẹ́ íǹṣì 1. Iwájú ni omi gbọ́dọ̀ lọ, torí ẹ̀yìn ni igi ìbú ìsàlẹ̀ àti igi àtìlẹ́yìn wà, kò sì yẹ kí a da omi lé wọn lórí.

Ìlà jíjìn lábẹ́ igi ìbòrí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fo èyí, ó sì ṣe pàtàkì púpọ̀. Omi kì í kán tààrà láti etí igi. Ó máa ń fà mọ́ abẹ́ rẹ̀, á sì rìn padà lọ bá ara pákó. Láti dí i lọ́nà:

1. Ẹ yí igi ìbòrí dojú bolẹ̀.
2. Ẹ fa ìlà kan sí nǹkan bí íǹṣì ⅜ sí etí iwájú, òmíràn sí etí ẹ̀yìn bákan náà.
3. Ẹ kan igi tó gún régé mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀ láti fi darí ayùn, kí ẹ rẹ́ ìlà náà wọlé ní ¼ íǹṣì. Ẹ rẹ́ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, kí ẹ fi ṣísẹ́lì kó igi tó wà láàárín kúrò.
4. Ìlà náà gbọ́dọ̀ lọ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Bó bá dá dúró lójú ọ̀nà, ibẹ̀ ni omi máa gbà sọdá.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kun igi kí ẹ tó kàn án pọ̀

Bí ẹ bá ti kan géètì tán kí ẹ tó kùn ún, ọ̀dà kò ní dé ibi tí igi ti fara kanra mọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ló nílò rẹ̀ jù.

1. Ẹ fi sáńpépà ha gbogbo etí tó mú kó rọra yí, yàtọ̀ sí etí ìsàlẹ̀ pákó àti ti igi ìbòrí tí omi ti máa kán. Ọ̀dà kì í dúró lórí etí tó mú.
2. Ẹ kun gbogbo ojú igi pẹ̀lú ọ̀dà tó ń lé ikán, ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbẹ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo.
3. Ẹnu igi: ẹ da ọ̀dà náà sínú agolo tí kò jìn, kí ẹ gbé ẹnu pákó dúró sínú rẹ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán. Ó máa fà á mu. Inú ìlà jíjìn náà kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn.
4. Bó bá ti gbẹ, ẹ fi ọ̀dà olóòróró kùn ún lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó kù di ẹ̀yìn ìkànmọ́.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì ṣiṣẹ́ níta. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà ikán kán sórí ilẹ̀ tí ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ sí. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n dà kúrò nínú ẹ́ńjìnì náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi í pa igi lára torí pé ọ̀fẹ́ ni tàbí pé ó dínwó. Nínú ọgbà tí a ti ń jẹ oúnjẹ, ẹ má lò ó rárá. Òjò máa ń fọ̀ ọ́ sílẹ̀, ìdọ̀tí irin àti májèlé tó wà nínú rẹ̀ á sì bá ilẹ̀ lọ. Fáníìṣì inú ilé náà kò bá ìta mu: oòrùn á jẹ́ kó ṣí pàlàpàlà, omi á wá há sábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dà tí wọ́n ń fi kun ògiri.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: kíkàn án pọ̀

Ẹ ṣe é lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú.

1. Ẹ to pákó mẹ́sàn-án sílẹ̀, ojú iwájú wọn sókè, kí ẹ̀yìn sì wà lórí igi ìbú méjèèjì. Igi ìbú òkè bá orí pákó dọ́gba. Ìsàlẹ̀ igi ìbú ìsàlẹ̀ wà ní íǹṣì 4 sókè sí ìsàlẹ̀ pákó.
2. Ẹ fi àlàfo sáàárín pákó. Pákó 1×4 tí wọ́n ti fá máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí íǹṣì 3½. Mẹ́sàn-án jẹ́ 31½. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 36, ó ku 4½, ẹ pín in sí mẹ́jọ: nǹkan bí mílímítà 14. Bí pákó tiyín bá yàtọ̀, ẹ ṣe ìṣirò náà bákan náà: ìbú géètì, ẹ yọ àpapọ̀ ìbú pákó, kí ẹ fi iye pákó tí ẹ ti yọ ẹyọ kan kúrò nínú rẹ̀ pín in. Àlàfo náà kò gbọ́dọ̀ dín sí mílímítà 10. Òun ló ń jẹ́ kí pákó ráyè wú, òun náà ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé gbẹ ẹ́.
3. Ẹ wọn igun sí igun lọ́nà méjèèjì. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, géètì ti wọ́, ẹ tún un tò.
4. Ẹ kun ojú ibi tí pákó àti igi ìbú ti máa pàdé lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì kàn án pọ̀ nígbà tí ọ̀dà náà ṣì tutù.
5. Ẹ fi díríìlì lu ihò mílímítà 3 kí ẹ tó wọ sìkúrù. Ìrókò àti apá máa là bí ẹ kò bá lu ihò. Sìkúrù méjì ni fún pákó kọ̀ọ̀kan lórí igi ìbú kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wà ní nǹkan bí íǹṣì kan sí etí. Orí sìkúrù gbọ́dọ̀ bá ojú pákó dọ́gba. Bó bá rì wọlé, ihò tó kù lókè rẹ̀ ti di ìkòkò omi nìyẹn.

Igi àtìlẹ́yìn. Ẹ yí géètì dojú bolẹ̀. Igi yìí máa gbéra láti ìsàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ínjì, á sì lọ dé òkè ní ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí géètì ti ń ṣí. Bí ẹ bá gbé e lódì, ìwúwo géètì á máa fà á ya dípò kó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, géètì á sì wọ́ sílẹ̀ kí ọdún tó yí.

1. Ẹ gbé igi náà lé orí igi ìbú méjèèjì, kí ẹ sàmì sí ibi tó ti kàn wọ́n, íǹṣì 2 sí ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé e bá àmì náà, kí ẹ fi ìdajì íǹṣì sílẹ̀ lórí àti lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èyí tó máa wọ inú igi ìbú.
2. Ẹ gbẹ́ ojú ihò kékeré tó jìn ní ìdajì íǹṣì sínú igi ìbú kọ̀ọ̀kan kí ẹsẹ̀ àti orí rẹ̀ lè wọ̀ ọ́. Ti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù: ilẹ̀ ojú ihò náà gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ́ sẹ́yìn bíi ti orí igi ìbú, kó sì ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn. Bí ẹ bá gbẹ́ ẹ ní kòtò tó tẹ́jú, ẹ ti kọ́ adágún omi sábẹ́ igi yín.
3. Ẹ fá etí òkè igi àtìlẹ́yìn dagẹ̀rẹ́ sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ṣe fún igi ìbú.
4. Ẹ kun gbogbo ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ẹ kàn án láti iwájú, sìkúrù kan fún pákó kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá lórí rẹ̀.

Igi ìbòrí. Ẹ má wọ sìkúrù láti òkè bọ̀ wá sísàlẹ̀, torí gbogbo ihò tó bá wà lórí géètì, omi máa wá a kàn. Láti ojú ẹ̀yìn igi ìbú òkè, ní íǹṣì 1½ sísàlẹ̀ orí rẹ̀, ẹ lu ihò mẹ́rin tó dagẹ̀rẹ́ gòkè, kí ẹ wọ sìkúrù íǹṣì 2½ gba ibẹ̀ sínú igi ìbòrí. Ẹnu irú ihò bẹ́ẹ̀ kọjú sílẹ̀, omi kò lè gbé inú rẹ̀.

Gúlúù funfun kò wúlò níbí, torí omi máa tú u. Ẹ má sì fi rọ́bà tàbí ọ̀rá sáàárín igi méjì nítorí pé ẹ fẹ́ dí omi: inú rẹ̀ ni omi máa há sí.

## Ìgbésẹ̀ karùn-ún: òpó

Nílùú tí ikán pọ̀ tó báyìí, òpó irin tàbí píllà kọnkéré ni a máa gbà yín nímọ̀ràn. Géètì pákó lára òpó irin gàlìfánáìsì kò burẹ́wà, ẹ ò sì ní máa wú òpó lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Bí ẹ bá fẹ́ òpó igi dandan, ọ̀nà méjì ló wà.

Èyí tó dára jù: òpó kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe bàtà irin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ní fíìtì méjì, kí ẹ ri ẹsẹ̀ náà mọ́ kọnkéré, kí ẹ sì fi bóòtù de òpó 4×4 mọ́ ọn, íǹṣì 2 sókè sí kọnkéré. Ikán tó bá fẹ́ gun òkè á ní láti fi amọ̀ mọ ọ̀nà sára irin, ẹ ó sì rí i kó tó débẹ̀.

Èkejì, bí ẹ bá máa ri òpó mọ́lẹ̀:

1. Òpó 4×4, gígùn fíìtì 7. Ẹ gbẹ́ ihò íǹṣì 34, ìbú íǹṣì 12.
2. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ íǹṣì 4 sísàlẹ̀, ẹ gbé òpó lé e, kí ẹ da íǹṣì 2 mìíràn yí i ká. Ìdí òpó gbọ́dọ̀ wà nínú òkúta, kì í ṣe nínú kọnkéré. Bí kọnkéré bá gba gbogbo ìdí rẹ̀, omi tó bá gba ẹ̀gbẹ́ òpó wọlé kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, inú ife ni òpó yín máa dúró sí.
3. Ẹ po kọnkéré: garawa sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Àpò sìmẹ́ńtì kan tó fún òpó méjèèjì.
4. Ẹ kún un kó yọ sókè ilẹ̀ ní íǹṣì 2, kí ẹ fi tírówẹ́ẹ̀lì jẹ́ kó dagẹ̀rẹ́ kúrò lára òpó yíká.
5. Àlàfo láàárín òpó méjèèjì jẹ́ íǹṣì 37 lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó lójú méjì, kí ẹ ti igi mọ́ ọn fún ọjọ́ méje kí ẹ tó gbé géètì kọ́.

Orí òpó, ẹ gé e dagẹ̀rẹ́ kúrò lápá géètì, tàbí kí ẹ fi páànù pẹlẹbẹ bò ó, kí etí páànù náà yọ síta kó sì tẹ̀ sílẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ kẹfà: gbígbé e kọ́

1. Ẹ fi igi tó nípọn tó íǹṣì 3 sábẹ́ géètì. Bó ṣe gbọ́dọ̀ ga sílẹ̀ tó nìyẹn. Òjò ńlá máa ń ta ẹrẹ̀ sókè, ẹrẹ̀ tó bá sì lẹ̀ mọ́ ẹnu pákó ni ikán fi ń ṣe àtẹ̀gùn.
2. Ẹ fi àlàfo ìdajì íǹṣì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú ọyẹ́, á dà bíi pé ó fẹ̀ jù. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
3. Ẹ gbé ínjì lé ojú ẹ̀yìn igi ìbú méjèèjì, bóòtù méjì fún ínjì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi sìkúrù kún ìyókù. Géètì á máa ṣí sínú ọgbà.
4. Ẹ kun inú ihò bóòtù kí ẹ tó kì í wọlé. Orí bóòtù níwájú, nọ́ọ̀tì àti wáṣà lẹ́yìn.
5. Bí ẹ bá lo irin tó ń wọ ihò ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ihò náà ṣí sórí òkúta wẹ́wẹ́ kí omi lè rì lọ.
6. Ẹ fi ọ̀dà olóòróró kun gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì sí i, títí kan orí sìkúrù.

Ẹ bu garawa omi kan dà sórí rẹ̀ kí ẹ tó sọ pé iṣẹ́ parí. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tí omi bá ṣì dúró sí, ẹ tún ibẹ̀ fá.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Pákó tó lẹ̀ mọ́ra pinpin kí ará ìta má bàa rí inú. Bí ẹ bá fẹ́ bo ojú, ẹ to pákó ní ìlà méjì, ọ̀kan níwájú igi ìbú, ìkejì lẹ́yìn, kí ti ẹ̀yìn máa bo àlàfo ti iwájú. Ojú kò ní wọlé, afẹ́fẹ́ á wọlé. Ó máa wúwo sí i, nítorí náà ínjì mẹ́ta ni, igi ìbòrí á sì ní láti fẹ̀ sí i.
- Kíkan páànù mọ́ ìsàlẹ̀ géètì láti dáàbò bò ó. Ẹ̀yìn páànù ni omi máa há sí, igi á sì jẹrà níbi tí ẹ kò ti rí i.
- Títo yẹ̀pẹ̀ tàbí ewé jọ sí ìdí òpó. Ó ń bo kọnkéré tó dagẹ̀rẹ́ mọ́lẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ á sì di asán.
- Adìẹ ńkọ́? Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé òròmọdìẹ á gba àlàfo kọjá, ojútùú wà. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì oníwáyà sí ẹ̀yìn, ẹ má dín àlàfo kù.

## Ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò lọ́dún

Ní oṣù kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀:

- Ẹ fi ṣísẹ́lì tàbí ìṣó gún ẹnu pákó ìsàlẹ̀ àti ẹsẹ̀ igi àtìlẹ́yìn. Bó bá rọ̀, ẹ ha ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ kùn ún.
- Ẹ wo òpó àti bàtà irin bóyá ikán ti mọ ọ̀nà amọ̀ sí i. Ẹ wó o, kí ẹ fi oògùn ikán sí ìdí rẹ̀.
- Ibi tí ọyẹ́ ti là, ẹ fi ọ̀dà kún un.
- Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ro ìdọ̀tí kúrò nínú ìlà jíjìn abẹ́ igi ìbòrí. Agbọ́n sábà máa ń mọ ilé sínú rẹ̀, ilé náà á sì di afárá tí omi ń gbà sọdá.

Ní oṣù kọkànlá, lẹ́yìn òjò, ẹ mú nọ́ọ̀tì ínjì le, kí ẹ wo bóyá géètì ti sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀dà olóòróró máa nílò àtúnkùn ní ọdún méjì sí mẹ́ta. Igi ìbòrí lè nílò rẹ̀ ṣáájú, torí òun ni oòrùn àti òjò ń lù jù. Bí ó bá bàjẹ́, sìkúrù mẹ́rin péré ni ẹ máa tú láti pààrọ̀ rẹ̀, ìyókù géètì á wà bó ṣe wà.